Ìwé Ìpadàbọ̀ Hannah

Winnipeg, Canada
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Màmá, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá lórí fóònù, ẹ ní ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé, afẹ́fẹ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Happiness yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á, nítorí inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

Wọn kò fún Màmá ní físà. Lánàá ni èsì dé. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé yóò padà sílé lẹ́yìn tó bá wẹ ọmọ fún mi tán, pé a kò fi ohun tó so ó mọ́lé hàn. Mo kọ́kọ́ bú wọn dáadáa. Olútúndé ọkọ mi ló ní ká fara balẹ̀ wo àwọn ìwé tí a fi ránṣẹ́, ibẹ̀ la ti bá lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ mọ́ ọn, èyí tí ẹ lẹ̀ pa tí ẹ kò jẹ́ kí n kà.

Bàbá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "My wife may return in October, if God spares her life." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ìdànrè ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ nà mí ní pàṣán mẹ́rin lójú gbogbo kíláàsì nítorí mo lo "will" níbi tó yẹ kí n lo "might". Ẹ ní "might" ni ti ẹni tí kò mọ̀, "may" ni ti ẹni tó ṣì ń rò ó, "will" ni ti ẹni tí ó dá lójú. N kò gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Wọ́n wá bi yín bóyá ìyàwó yín yóò padà sílé, ẹ ní ó ṣeé ṣe. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún "ó ṣeé ṣe"?

Oṣù kẹfà ni ìkúnlẹ̀ mi. Àyè ṣì wà láti tún ìwé náà fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òmíràn, kí ẹ sì yọ "may" àti "if" kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ yín,
Moríyọ̀


Ìdànrè
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, 2024

Moríyọ̀,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Happiness ti kà á kí ó tó fún mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ó ń fi ojú àánú wò mí, kò sì gbowó bébà. Nítorí náà, kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Tíṣà Matthias jókòó sí Canada, ó ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Orúnkún mi wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ wà. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọn kò gbà á láyè, ó ní ó dára, ó sì wọ ilé lọ.

Jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ta lo rò pé kò mọ "may"? Di òní olónìí, ọmọ mọ́kànlá ló ń wá sí ìta ilé mi nírọ̀lẹ́ láti múra ìdánwò. Bí òjò bá rọ̀, àgbẹ̀ yóò yọ̀. Bí òjò bá lè rọ̀, àgbẹ̀ ì bá yọ̀. Ká ní òjò ti rọ̀ ni, àgbẹ̀ ì bá ti yọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Mo ń kọ́ wọn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń gbà á. N kò ṣàṣìṣe nínú ìwé yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Níbo lo ti rí àgbà ìjọ Aláàdúrà tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìpinnu ọ̀la láìfi Ọlọ́run ṣáájú? Àkúrẹ́ tó wà nítòsí yìí, bí a bá fẹ́ lọ ra oògùn níbẹ̀ ká sì padà kí oòrùn tó wọ̀, ṣé a kì í sọ pé bí Olúwa bá fẹ́? Nígbà tí o wà ní kékeré tí mo bá sọ fún ọ pé n óò ra bàtà fún ọ ní Kérésì bí Ọlọ́run bá fẹ́, ṣé iyèméjì lo gbọ́ lẹ́nu mi? Bàtà lo gbọ́. O sì ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ṣé èmi ni kí n wá yí ẹnu padà lọ́jọ́ ogbó mi, nítorí ẹnìkan tí n kò rí rí jókòó sí ọ́fíìsì, kò sì mọ̀ pé ibi tí a bá ti dárúkọ Ọlọ́run, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti dúró sán-ún?

O tún ní wọ́n sọ pé n kò fi ohun tó so ìyá rẹ mọ́lé hàn. Mo kọ ọ́ pé ìyàwó ilé ni. Ọkọ rẹ̀ ni mí, mo sì wà láàyè. Kí ló tún kù tí ń so obìnrin mọ́lé?

N kò ní kọ òmíràn. Kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Bàbá rẹ,
Matthias


Winnipeg
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìsinmi. Mo ka ìwé yín, mo sunkún, mo wá bínú, mo tún padà sunkún. Olútúndé kò sí nílé láti bá mi sọ ọ́. Tírélà ló ń wà, ọjọ́ márùn-ún ló máa ń lò lójú ọ̀nà kó tó wálé. Inú yìnyín tí kò jẹ́ ká rí òpópónà ni mo wà, èmi nìkan, pẹ̀lú ikùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí, tí Màmá nìkan mọ̀. Oyún méjì ló ti wálẹ̀ lára mi kí èyí tó dúró. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga báyìí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ bá dókítà, gbogbo ohun tó ń sọ fún mi kò ju "could" àti "might" lọ. Ọmọ náà "could be small". Ó "might come early". Mo "may need an operation, if" bẹ́ẹ̀, "if" báyẹn. Obìnrin dáadáa ni, kò sì fẹ́ parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo máa ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé láìmọ̀ bóyá aṣọ ọmọ ni kí n rà tàbí kí n má rà á. Oṣù mẹ́ta nìyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ gbólóhùn kan fún mi tí mo lè fi ẹ̀yìn tì.

Mo wá ní kí bàbá mi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò ní "bóyá" nínú, kí ìyá mi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàbá mi ní ẹ̀sìn òun kò gbà. Ó dára. Bí mo bá bí i láyọ̀, ẹ óò gbọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò lè dìde níwájú ìjọ kí ẹ sọ pé ẹ kò fi ẹnu yín ṣe ìpinnu ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ yìí le, mo mọ̀. Mo kọ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Moríyọ̀


Ìdànrè
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2024

Moríyọ̀ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi dá ọ lóhùn. Kì í ṣe ìbínú nìkan. N kò mọ̀ nípa oyún méjì yẹn. Mo bi ìyá rẹ léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi, ó ní n kò bi òun.

Mo ti kọ ọ́. "My wife, Hannah, will return to Nigeria on the 14th of October, 2024." N kò fi "if" kankan sí i. Bébà mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán. Nígbà tí mo parí, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo bẹ Ọlọ́run kó má kà á sí ìgbéraga fún mi. Mo fún ìyá rẹ ní bírò, mo fi ibi tí yóò fọwọ́ sí hàn án. Ó ní kí ni mo kọ. Mo ní ọ̀rọ̀ físà ni.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Moríyọ̀. Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀. Lójú àwọn ará físà, lẹ́tà ni. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀la pé ìwé lásán ni.

Ra aṣọ ọmọ náà.

Bàbá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ ogún, oṣù keje, 2024

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú oríire ọmọ! Fọ́tò kò tó láti sọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi, ṣùgbọ́n Olúwadára dé, ó kéré, ó sì ń ké bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Màmá fi ṣáájú rẹ̀ dé. Ká ní físà náà fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ sí i ni, àwọn àjèjì nìkan ni ì bá dúró tì mí. Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo mọ ohun tí ìwé yẹn ná yín.

Màmá ti gba ilé. Ó ní dída omi ẹ̀rọ sí ọmọ lára kì í ṣe ìwẹ̀, ó rán Olútúndé lọ ra bàsíà ìwẹ̀ ọmọ. Ó máa ń ka Sáàmù sí omi náà kó tó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni yóò na ọmọ lọ́wọ́, nà á lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wá nílé bá a níbi tó ti ń ṣe é lọ́jọ́ kan. Ó ní "You could hurt him if you pull like that." Màmá bi mí ohun tó sọ, mo ní ó kí i kú iṣẹ́ ni. Màmá wo èmi, ó wo nọ́ọ̀sì, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé ọmọ.

Ọmọ yín,
Moríyọ̀


Winnipeg
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò. Ṣé àwọn ọmọ ìdánwò yín yege? Olúwadára ti ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohùn Màmá ju tèmi lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀. Ojú iṣẹ́ abẹ mi kò tíì jinná dáadáa. Oṣù kọkànlá ni mò ń padà sẹ́nu iṣẹ́, Olútúndé kò sì lè fi tírélà sílẹ̀. Wọ́n ní a lè bẹ̀bẹ̀ kí Màmá fi oṣù mẹ́fà kún un. Kò ṣòro. Lẹ́tà kékeré kan ni wọ́n fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọkọ rẹ̀, pé ẹ fara mọ́ ọn, pé nítorí àìlera mi ó "may be necessary" kó dúró sí i. Gbólóhùn kan náà ti tó. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, torí físà la ṣe kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Màmá fẹ́ dúró. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó bá gbé ọmọ.

Moríyọ̀


Ìdànrè
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Moríyọ̀,

N kò kí ọ. Ìkíni wà fún ẹni tó ń rántí.

Nínú oṣù kejì, o bú mi nítorí mo kọ "may". Nínú oṣù kẹta, o fi ikú halẹ̀ mọ́ mi kí n tó kọ "will". Mo kọ "will". Mo lọ dojú bolẹ̀ nítorí rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án pé, ìwọ náà ló tún ń wá "may" lọ́wọ́ mi! Ṣé ẹnu mi ni o sọ di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí o ń ṣí tí o ń tì bó ti wù ọ́?

O ní kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́. Èmi ń kà á. Mo ti sọ fún ìjọ pé ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ń bọ̀, wọ́n sì ti ya ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e sọ́tọ̀ fún ìdúpẹ́. Bí ẹlòmíràn bá tún kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìlú yìí, ṣé wọn kò ní sọ pé irọ́ ni bíi ti Matthias? Mo bá ọ kẹ́dùn àìlera rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọ ní ìyàwó mi láti oṣù kẹfà, tí mo ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, tí mo ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni.

Àti pé ìyá rẹ fẹ́ wálé. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo ti bá a gbé, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Matthias


Winnipeg
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ẹ dárí ohun tí mo fẹ́ sọ jì mí. Búrẹ́dì yẹn ni mo rí nínú ìwé yín, n kò rí ẹ̀jẹ́. Ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín padà wálé, ẹ wá fi orúkọ Ọlọ́run bò ó mọ́lẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ì bá sàn.

Bí ẹ kò bá kọ lẹ́tà náà, n óò kọ ọ́ fúnra mi, n óò sì fi orúkọ Màmá sí i. Màmá kò ní kọ̀ fún mi.

Moríyọ̀


Winnipeg
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá Moríyọ̀, àti ìwọ Moríyọ̀,

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀kan nínú ìwé yìí yóò wà lórí tábìlì ìdáná níbí. Mo ti ní kí Olútúndé fi fóònù ya fọ́tò èkejì ránṣẹ́ sí Happiness. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo kọ ọ́, bí ẹ bá rí ibi tí àmì kò pé, ẹ gbójú fò ó.

Mò ń wá ìlédìí ọmọ nínú dúrọ́ọ̀ lánàá ni mo bá gbogbo ìwé yín níbẹ̀ láti oṣù kejì, èyí tí Moríyọ̀ kọ àti ti bàbá rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde. Mo jókòó, mo kà wọ́n tán. Yorùbá inú wọn yé mi, mo sì mọ Gẹ̀ẹ́sì tó láti mọ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ lọ́jọ́ náà, Moríyọ̀. Inú mi bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kí Hannah padà, ọ̀kan ní dandan ni kó padà. Ọ̀kan ní ó fẹ́ dúró, ọ̀kan ní ó fẹ́ wálé. Bí èmi ti wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó yíjú sí mi pé, Hannah, kí lo fẹ́?

Ọkọ mi, ẹ kọ ọ́ fún àwọn òyìnbó pé n kò ní iṣẹ́. Ta ló ni oko kòkó tó wà ní abúlé Atosin? Bàbá mi ló fún mi ní ilẹ̀ náà, èmi ni mo sì gbìn ín igi kan tẹ̀ lé igi kan nígbà tí mo pọn Moríyọ̀. Nígbà tí ìjọba dá owó oṣù àwọn tíṣà dúró, kòkó yẹn la jẹ. Ẹ mọ̀. Ká ní ẹ bi mí ní ohun tó so mí mọ́lé kí ẹ tó gbé bírò ni, ǹ bá ti sọ fún yín, wọn ì bá sì ti fún mi ní físà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjà yìí ì bá má ti sí. Ẹ wá ní kí n fọwọ́ sí ìwé, mo bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ní ọ̀rọ̀ físà ni. Ó dùn mí gan-an.

Moríyọ̀, ìwọ fẹ́ kọ̀wé kí o fi orúkọ mi sí i. Ìyá rẹ ni mí, n kì í ṣe òǹtẹ̀. Òótọ́ ni pé mo fẹ́ rí i kí Olúwadára jókòó, àyà mi sì ń já bí mo bá rò ó pé n óò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó oṣù kẹwàá kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé Canada ni mo wà. Ní àárọ̀ yìí, ìwọ lo wẹ ọmọ náà, o nà án lọ́wọ́, o nà án lẹ́sẹ̀, èmi jókòó lórí àga, kò ké. O ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, mo sì mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rù ba èmi náà nígbà tí mo bí ọ.

N óò dé ní ọjọ́ kẹrìnlá, bí Olúwa bá fẹ́. Kì í ṣe nítorí bàbá rẹ kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe láti bí ọ nínú. Mo fẹ́ lọ ni. Bàbá Moríyọ̀, ẹ má se oúnjẹ dè mí, n kò ní kọ́kọ́ yà sílé. Atosin ni n óò gbà lọ láti Àkúrẹ́, n óò sì wà níbẹ̀ títí a ó fi ká kòkó, a ó fọ́ ọ, a ó sá a. Bí ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ mọ ọ̀nà oko mi.

Ìwọ ọmọ mi, bí mo bá kórè tán tí ó sì wù ọ́ kí n tún wá, kọ̀wé. Má kọ ọ́ sí bàbá rẹ. Èmi Hannah ni kí o kọ ọ́ sí, mo mọ̀wé kà.

Hannah